Ta Ni Yóò Gbẹ́ Ògèdèǹgbé Sórí Tábìlì?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà, àwọn àgbàlagbà kan wà, amòfin, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́, tí ó jẹ́ pé nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá ti parí, tí ilé sì ti pa rọ́rọ́, wọn a ṣí àpótí, wọn a kó àwọn ọmọ ogun kéékèèké jáde níbẹ̀, èyí tí a fi òjé tàbí ike dà, tí gíga wọn kò ju oríkèé ìka méjì lọ, tí a sì fi ọ̀dà kùn láti orí fìlà títí dé okùn bàtà. Wọn a tò wọ́n sórí tábìlì tí a ti ṣe òkè, odò, igbó àti abúlé sí, wọn a fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ogun lè rìn dé àti ibi tí ọta ìbọn lè bà, wọn a sì da dáìsì, irú èyí tí àwa fi ń ta lúdò, láti mọ ẹni tí ó ṣubú àti ẹni tí orí kó yọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọmọdé lásán ni, kí ó rántí pé àwọn ọ̀gágun Prọ́ṣíà fi irú rẹ̀ kọ́ ara wọn ní ọgbọ́n ogun láti ọdún 1824, nígbà tí ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ von Reisswitz tẹ ìwé òfin rẹ̀ jáde, kí ó sì rántí pé H. G. Wells, òǹkọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, jókòó kọ ìwé tirẹ̀ lórí eré náà ní 1913.

Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi eré yìí tún sọ, èyí tí ó gbà mí lọ́kàn jù ni ìgbà tí àwọn òyìnbó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ kiri, tí òfin àjèjì ń wọ inú igbó àtijọ́, tí ẹni tí kò bá sì tẹrí ba fún òfin náà ń di ẹni tí a ń dọdẹ bí ẹran ìgbẹ́. Ní Ọsirélíà, Ned Kelly ni wọ́n ń sọ, ọmọ ará Ireland kan tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó dé ilẹ̀ náà, tí ó pa ọlọ́pàá, tí ó ja báńkì lólè, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi irin ìtúlẹ̀ àgbẹ̀ rọ ẹ̀wù ogun sára, tí ìjọba sì so rọ̀ ní ìlú Melbourne ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1880. Ọ̀daràn ni lójú àwọn kan, akọni ni lójú àwọn mìíràn, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán títí di òní. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bá mú Kelly lórí tábìlì ní alẹ́ òní lè jẹ́ ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Yóò jókòó síbi tí ọ̀tá rẹ̀ jókòó sí, yóò sì wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kì í jẹ́ kí a ṣe. Àwọn baba wa ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Bí eré náà bá wá dé ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn Súlù tí wọ́n ṣẹ́gun ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1879, àti àwọn jagunjagun Sùdáànì, ni wọ́n ń tò sórí tábìlì jù lọ. Ìwé òfin tí ó lókìkí jù fún irú ogun bẹ́ẹ̀ ni èyí tí Larry Brom, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1979. Òyìnbó ni ó kọ òfin, òyìnbó ni ó rọ ọmọ ogun, òyìnbó ni ó ń ta eré. Ènìyàn dúdú, ọ̀wọ́ tí ń ti inú koríko rọ́ jáde wá ni. N kò bínú sí wọn. Ẹni tí ó ni ọbẹ̀ ni yóò mọ iye iyọ̀ tí òun fi sí i. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìran Yorùbá, àti lọ́wọ́ àwa tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní pàtàkì, ni pé kí a ṣe tiwa, nítorí pé a ní ogun náà, a ní àwọn akọni àti àwọn ìgárá náà, a ní àwọn agbẹ́gilére tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n, a sì ní ilẹ̀ tí ó yẹ kí a tò wọ́n sí.

Ní ọdún tí wọ́n so Kelly rọ̀ ní ọ̀hún, ogun kan ń jó lọ́wọ́ lórí àwọn òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmèsí-Ilé, ogun tí dídún àgbá ńlá fún ní orúkọ tí a fi ń pè é, Kírìjì. Ọdún 1878 ni Fábùnmi, ọmọ ọba Òkèmẹ̀sí, fi idà bẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ ajẹ́lẹ̀ náà tó gbẹ, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọwá Obòkun, ti dìde bí ẹnìkan ṣoṣo, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì fi Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ṣe olórí ogun. Ní ìhà kejì ni Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀ wà, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, àwọn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jagun tí wọn kò sì mọ ìjákulẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó ń ṣòwò ní Èkó Àkéte ti kó owó jọ, wọ́n ti ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sí ilé, ìbọn tí a ń ki láti ìdí tí ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà réré, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń fi ọ̀pá gún ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà. Bẹ́ẹ̀ ni ogun náà di ìdúró-kojú-ara-ẹni, ọdún ń gorí ọdún, wọ́n kọ́ ilé sí ibùdó, wọ́n gbin oko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ wọn kò túká títí Gómìnà Carter ti Èkó fi dé ní 1893.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìbọn méjèèjì yìí, nítorí níbẹ̀ ni èrè eré tábìlì wà fún ọmọ ilé ìwé. Olùkọ́ lè dúró níwájú pátákó kí ó sọ pé Snider dára ju ṣakabùlà lọ, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì gbàgbé kí aago tó lù. Ṣùgbọ́n bí òfin eré bá wí pé ọmọ ogun oníṣakabùlà tí ó bá yìnbọn lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ dúró kí ọ̀tá rẹ̀ rìn kí ó sì tún yìn kí òun tó lè ki tirẹ̀, bí ọ̀pá ìwọ̀n bá fi hàn pé ọta rẹ̀ kò dé ìdajì ibi tí ọta ẹnìkejì dé, bí òjò bá rọ̀ tí ẹ̀tù rẹ̀ sì tutù, ọmọ náà yóò fi ara rẹ̀ mọ ohun tí ó mú kí Ìbàdàn, tí kò sí ẹni tí ó lè dúró níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, jókòó sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni ó mú Ìbàdàn, yóò tún rí i pé Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dí ọ̀nà òkun mọ́ òun, pé ẹ̀tù àti ìbọn kò rọrùn láti rà mọ́, àti pé ogun tí ó dàbí ìjà ọkùnrin sí ọkùnrin lórí òkè, lójú ọ̀nà ọjà ni ìdí rẹ̀ wà.

Ìmàgbọn ni ẹ̀kọ́ kejì, èyí sì korò ju ti ìṣáájú lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun tí Carter rán láti Èkó dé etí odò Yemọji, níbi tí Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè, ti dúró dè wọ́n. Ìjẹ̀bú pọ̀, Ìjẹ̀bú ní ìbọn, Ìjẹ̀bú mọ ilẹ̀. Àwọn tí ó dojú kọ wọ́n kéré níye, ṣùgbọ́n wọ́n gbé Maxim dání, ìbọn tí ń pọ ọta bí òjò. Wọn kò lò ju ọjọ́ kan sí i lọ kí wọ́n tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ìdí tí ilẹ̀ Yorùbá fi bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, kí ó tò Ìmàgbọn sórí tábìlì fún wọn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n bá ní láti má jẹ́ kí ọ̀tá sọdá odò náà.

Lẹ́yìn Kírìjì ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ akọni àti ọ̀daràn ti takókó. Nígbà tí ogun tú, àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará ìlú lẹ́rù, wọ́n ń gba ewúrẹ́, wọ́n ń gbé ọmọ ọlọ́mọ; ní 1894, Ọ̀gágun Bower tí í ṣe aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Ìwó. Ẹni tí gbogbo Èkìtì ń wárí fún lánàá di arúfin lójú òfin tuntun. Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà sílé, tí ó joyè Ọbańlá ní Iléṣà ní 1898, tí ó sì fọwọ́ rọrí kú ní 1910. Èwo ni kí a gbẹ́ nínú àwọn Ògèdèǹgbé wọ̀nyí? Èmi wí pé kí a gbẹ́ gbogbo wọn: ti orí òkè Kírìjì, ti ìgbèkùn, àti ti àgbà ìjòyè. Kí a sì gbẹ́ obìnrin tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ẹrù lórí rẹ̀ pẹ̀lú, kí a gbẹ́ àwọn ẹrú tí a so lókùn, nítorí eré tí kò bá ní wọn yóò parọ́ fún àwọn ọmọ wa, irọ́ tí ó dára púpọ̀ sì burú ju òtítọ́ tí kò dùn lọ.

Ológun kan tún wà tí ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sun Bìní ní oṣù Kejì ọdún 1897, tí wọ́n sì gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, Ologbosere, olóyè tí ó ṣáájú àwọn tí ó pa Phillips, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tẹrí ba. Ó wọ inú ẹgàn, ó sì bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, tí ọmọ ogun òyìnbó ń wá a, tí wọ́n sì ń sun abúlé tí wọ́n bá fura sí pé ó gbà á sílé, títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ní 1899. Wọ́n dá a lẹ́jọ́ ní Bìní, wọ́n sì so ó rọ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti Kelly: ọ̀kan fi orí ara rẹ̀ jà, èkejì fi orí ọba rẹ̀ jà, igi kan náà ni ó pa àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú sinimá àti nínú àpótí eré, nígbà tí àwọn ọmọ tí ń gbé ní ẹ̀bá ẹgàn kan náà, láti Ọ̀fọ̀sù títí dé ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè, kò gbọ́ orúkọ ìkejì rí.

Bí ó bá ṣe pé a kò ní ẹni tí yóò gbẹ́ wọn ni, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ wa kí àwọn tí ń rọ òjé tó gbọ́ orúkọ wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, ó sì gbẹ́ Ọ̀gágun Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sí i bí àwọn aláàárù ti ń gbé e wọ̀lú nínú àga okùn, tí ọba sì jókòó ní tirẹ̀ pẹ̀lú adé lórí, tí ó ga ju àlejò rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, ó sì ti di ti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà náà. Àga ọba tí wọ́n kàn ní ọ̀hún ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún Ògògà. Thomas Ọnà Odùlátẹ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ó fi Èkó ṣe ilé, tí ó sì kú ní 1952, fi igi kéékèèké gbẹ́ gbogbo ayé ìgbà òyìnbó: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú àkẹtẹ̀ lórí, adájọ́, àlùfáà, ọlọ́pàá, ọba pẹ̀lú àwọn ìyàwó rẹ̀, tàdáwà dúdú àti pupa ni ó sì fi ń kùn wọ́n. Àwọn òyìnbó tí ń rà á rò pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Bascom láti Amẹ́ríkà bi í léèrè, ó wí pé òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sín, ohun tí òun rí ni òun gbẹ́.

Ti Ọ̀wọ̀ ni ó wá kàn mí jù, nítorí ìlú kan ní ìpínlẹ̀ wa ni. Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gún ní àwọn ọdún 1930: ẹ̀gún tí ń hù lára àwọn igi ńlá inú igbó wa, tí ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun bí wàrà, tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí bí àwọ̀ ilẹ̀. Kò kùn wọ́n. Ẹ̀gún aláwọ̀ kan ni ó fi ń ṣe ara ènìyàn, òmíràn ni ó fi ń ṣe aṣọ, ó sì fi àtè lẹ̀ wọ́n pọ̀ di obìnrin tí ń gúnyán, awakọ̀ ojú omi, ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹlẹ́wọ̀n, ọba lórí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tàn dé Èkó, ó sì wọ inú àpótí ọ̀pọ̀ òyìnbó tí ń padà sílé. Ère ẹ̀gún kì í sábà ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Bí ènìyàn bá gbé méjìlá nínú wọn sórí tábìlì, kò ku ohun mìíràn ju òfin eré lọ.

Ilẹ̀ ńkọ́? Kí ẹni tí ó bá ń wá ilẹ̀ gòkè wá sí Ìdànrè, Ufẹ̀ Òkè, ilẹ̀ àpáta tí ó ga sókè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ ju ìpele òkun lọ. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni ènìyàn yóò gùn láti Odòde kí ó tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn baba wa gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1930. Ààfin Ọwá ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ ìgbà òyìnbó ṣì wà, ojú ẹsẹ̀ Agbóógun ṣì wà lára àpáta. Ìlú tí ó wà ní orí irú òkè bẹ́ẹ̀, ọ̀tá kì í tètè rí ojú ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí ó jókòó sókè ti rí ọ̀tá láti àárọ̀. Àwọn tí ń ṣe òkè fún eré tábìlì wọn ní ilẹ̀ òkèèrè ń gé fóòmù, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń da iyanrìn sí i lára; tiwa ti wà níbí, UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí wọ́n lè yàn láti 2007. Kí oníṣẹ́ ọnà kan wá ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi pákó tàbí amọ̀ ṣe é ní kékeré. Àwọn ọmọ tí ń gun òkè pẹ̀lú olùkọ́ wọn láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó yóò rí ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ kàn nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò mi orí, wọn yóò ní ogun kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré, pàápàá ní ìgbà tí ìbọn ń dún nínú igbó wa tí àwọn àgbẹ̀ kòkó sì ń bẹ̀rù àtilọ sóko. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni, n kò sì fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ilé Yorùbá kò fìgbà kan kọ̀ láti fi eré rántí ogun. Ní ọdún Edì ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ti ń ṣe ìrántí Mọremí àti àwọn ajunilọ tí ó fi ọgbọ́n ṣẹ́gun, àwọn Olúyaré a sì wọ imọ̀ jáde bí àwọn ọ̀tá náà ti wọ̀ ọ́ nígbà náà. Ọpọ́n ayò pàápàá, kí ni ó wà níbẹ̀ bí kò ṣe kí a yí ilé ọ̀tá ká kí a sì kó o, tí ọ̀ta àti ọ̀pẹ sì ń fi ẹnu gún ara wọn lára títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka àwọn tí ó ṣubú ní Kírìjì, tí ó sì rí i pé kò sí ẹni tí ó borí lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò gbà pé òun ni yóò kọ́kọ́ sáré gbé ìbọn.

Nítorí náà, mo ń ké sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀ka àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́, pé kí wọ́n san owó àkójọ kìn-ín-ní: ogójì ère ẹ̀gún láti ọwọ́ àwọn agbẹ́gún Ọ̀wọ̀, Èkìtìparapọ̀ ní ìhà kan, Ìbàdàn ní ìhà kejì, pẹ̀lú àwọn aláàárù, obìnrin ọlọ́jà, babaláwo àti ẹrú. Àwọn olùkọ́ ìtàn ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó ni kí ó kọ òfin eré náà, ní èdè Yorùbá, kí ó má ju ojú ewé mẹ́wàá lọ kí ọmọ ọdún méjìlá lè kà á. Kí wọ́n gbé àkójọ kan sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀, kí wọ́n gbé èkejì sí ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sinmi. Ẹ̀yin agbẹ́gún tí ọ̀bẹ ṣì mú lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró de ìjọba: ẹ mú ẹ̀gún kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Ògèdèǹgbé.